Ìṣó Kì í Béèrè Ọjọ́

Ẹni tó bá gbọ́ pé mo fẹ́ sọ ìtàn iṣẹ́ ayé mi á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, irun orí mi ṣì dúdú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo kọ́ ló tètè darúgbó, kì í ṣe èmi. Mo bá a nídìí taipuráítà, mo bá a dé ìdí kọ̀mpútà, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tó kógbá sílé. Ẹni tó rí ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan tó tún rí òpin rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọdébìnrin tí ẹ máa ń dúró ní ìsọ̀ mi ní Ẹ̀pẹ́, tí ẹ ń bi mí pé, "Àǹtí Rìsí, ṣé kí n lọ kọ́ kọ̀mpútà?", ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí. Lójúkojú, ojú máa ń tì mí, n kì í lè sọ ọ̀rọ̀ mi tán.

Ìwó ni àwọn òbí mi ti wá, Ìkòròdú la háyà yàrá sí. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́fà, ìwé kò lè tẹ̀síwájú mọ́, ni ìyá mi bá mú mi lọ sọ́dọ̀ Màdáámú. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gùn. Màdáámú wo ìka ọwọ́ mi, ó ní, "Ó gùn. Kó máa bọ̀ ní Mọ́ńdè." Ó tán.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Màdáámú, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà Èbúté Ìkòròdú ni ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tẹ̀wé wà. Òórùn ẹja máa ń bá wa níbẹ̀ láti àárọ̀, ariwo àwọn tó ń já yanrìn lẹ́bàá ọ̀sà á sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, ìjọ, ilé-ìwé, ẹgbẹ́, gbogbo wọn ló ń gbé ìwé wá fún wa ká bá wọn tẹ̀ ẹ́.

Orí taipuráítà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Màdáámú á ta aṣọ ìdìkù bo ọwọ́ mi àti gbogbo lẹ́tà mọ́lẹ̀, á ní kí n máa tẹ̀ ẹ́. "Ojú kọ́ ló ń tẹ̀wé, ìka ni." Bí mo bá ṣí aṣọ wò, rúlà onígi á ti bà lé mi léjìká. Mo sunkún títí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Mo lè máa wo ojú ọ̀nà báyìí kí ọwọ́ mi máa tẹ ọ̀rọ̀ lọ.

Òfin méjì ni Màdáámú fi dè wá. Òfin kìíní ni ti ìṣó. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ìṣó gígùn tirẹ̀ lára ògiri. Ìwé yòówù tí a bá tẹ̀, bí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gún mọ́ ìṣó, èyí tó dé kẹ́yìn lókè. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ sọ èyí tó bàjẹ́ nù.

"Sọ kí ni nù?" Màdáámú pariwo. "Ọjọ́ tí wọ́n bá ní àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀, ṣé ẹnu rẹ lo máa fi jẹ́rìí? Gún un mọ́ ìṣó!"

Mo rò pé ó le jù ni. Àfi ìgbà tí akọ̀wé ìjọ kan dé tó ní a fi orúkọ àlùfáà sí ipò kejì, pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Màdáámú kò bá a jiyàn. Ó nà sókè, ó fa ẹ̀dà kan jáde lára ìṣó, ọwọ́ akọ̀wé náà gan-an ló fi bíírò kọ àtúnṣe sórí rẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó, ó ní, "Ó dáa, ooru mú o," ó sì jókòó.

Òfin kejì ni ti púlọ́ọ̀gì. Kọ̀mpútà àkọ́kọ́ tí Màdáámú rà kò lò ju oṣù mélòó kan lọ. Wọ́n mú iná lọ, iná padà dé pẹ̀lú agbára, èéfín rú, ó parí. Láti ọjọ́ náà, kí a tó ti ilẹ̀kùn, gbogbo púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ kúrò lára ògiri, kí a tò wọ́n sórí tábìlì bí orí ẹja, kí Màdáámú fojú ara rẹ̀ rí wọn. Bí a bá ti dé ẹnu ọ̀nà, á tún bi wá: "Ṣé o ti yọ ọ́ lára ògiri?"

Nígbà tí kọ̀mpútà kejì dé, ìṣó kò wúlò fún un mọ́, nítorí inú kọ̀mpútà ni ìwé ń gbé. Ìyẹn ni Bọ̀dá Fẹ́mi fi wọ ọ̀rọ̀ wa. Àbúrò Màdáámú ni, ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀mpútà ní ilé-iṣẹ́ kan níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ kóra jọ sí ní Ìkòròdú. Bí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ bá já a sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á yà sọ́dọ̀ wa wá mu gààrí. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ètò kọ̀mpútà kan fún wa tí a sọ ní Àká. Bí a bá tún ìwé ṣe, a ó ní kí Àká gbà á. Á gbé ẹ̀dà tuntun lé orí ti àtijọ́, kò ní pa ti àtijọ́ rẹ́. Èyí tí a bá béèrè ló máa gbé jáde. Ìṣó ni, inú kọ̀mpútà ló kàn wà. Màdáámú dán an wò títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó wá yọ ìṣó kúrò lára ògiri, ó ku ẹyọ kan tó ń fi báàgì rẹ̀ kọ́.

Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ǹ bá má ní ìtàn kankan láti sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá kì í jẹ́ kí ohun tó dára sinmi. Màdáámú ní òun fẹ́ kí Àká máa sọ ọjọ́ àti àkókò tí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan wọlé, kó sì máa tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Bọ̀dá Fẹ́mi lọ ṣe é, ó gbé Àká tuntun dé pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Èyí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," ó ní.

Mo fẹ́ bi í pé kí ló ṣe ti tẹ́lẹ̀. Ojú tì mí.

Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi gbé iṣẹ́ wá. Àwọn ti Èbúté Ìkòròdú àti àwọn ti Ẹ̀pẹ́ fẹ́ ní ìwé òfin kan ṣoṣo. Gbogbo ìpàdé ni wọ́n ń yí òfin padà, gbogbo ìpàdé ni wọ́n sì ń fura síra wọn. Màdáámú nìkan ni ìhà méjèèjì gbà, nítorí Ẹ̀pẹ́ ló ti wá, Ìkòròdú ló sì ti ń jẹun. Olórí àwọn ti Ẹ̀pẹ́ ni Alàájì Kásúmù, bàbá olóhùn gbẹ̀du kan tó ń wọ aago góòlù sọ́wọ́. Ọwọ́ aago náà kì í kúrò lójú kan. Bàbá náà kì í sì yé wò ó, bí ẹni tó ní ìpàdé níbòmíràn.

Ìjà tó tóbi jù nínú ìwé òfin náà ni gbólóhùn kan tó ní ọkọ̀ Ìkòròdú ni yóò máa kọ́kọ́ kó èrò. Wọ́n bá ara wọn fà á títí, wọ́n wá fẹnu kò láti yọ ọ́. Èmi ni mo yọ ọ́, láàárọ̀ ọjọ́ tí a ó fi ìwé ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo ní kí Àká gbà á. Ojú kọ̀mpútà ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, Àká sì kú. Kò bá mi sọ nǹkan kan, ó kàn parẹ́, ó sì gbé àtúnṣe mi lọ.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Láti ìgbà tí Àká tuntun ti dé ló ti ń kú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Màdáámú ní ọwọ́ mi ló le. Bọ̀dá Fẹ́mi ní kòkòrò kọ̀mpútà ni, ó fi gbogbo ọjọ́ Sátidé kan wá kòkòrò, kò rí nǹkan kan. Ó tún ní ooru ni, a bá ra fáànù fún kọ̀mpútà, àwa tí a jókòó tì í ń làágùn. Obìnrin tó ń rán aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní kí a ka àdúrà sí i. A kà á. Ó kú níwájú àdúrà. Bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, nígbà míì á gba ohun tó kọ̀ láàárọ̀, ẹnì kan á wá sọ pé, "Ṣé o rí i? Ọwọ́ rẹ ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń wí yìí, ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ti fẹ́ ṣí. Màdáámú tì mí kúrò lórí àga, ó tan Àká padà, ó ní kó gbé èyí tó dé kẹ́yìn jáde. Àká gbé ọ̀kan jáde. Púríńtà tẹ̀ ẹ́, a kò ráyè kà á, a fi ránṣẹ́.

Kò pẹ́ tí Alàájì Kásúmù fi wọlé dé, ó ká ìwé náà mọ́ ọwọ́ bí ẹgba.

"Ta ni ọmọ tó tẹ èyí?"

Màdáámú ní, "Alàájì, ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó ná."

"N kò jókòó! Gbólóhùn tí a sin níṣojú gbogbo ẹgbẹ́, òun ló tún jókòó sí ojú ìwé kejì yìí. Ṣé òkú máa ń jí ní Ìkòròdú yín ni?" Ó yíjú sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, ẹja wo ni wọ́n fi dí ọ lẹ́nu? Tó bá jẹ́ òbòkún ni, kí n mọ̀ pé o jẹ ẹja gidi!"

Mo la ẹnu, ohùn kò jáde. Ẹ̀yin tí ojú kì í tì kò lè mọ bó ṣe ń rí. Ọ̀rọ̀ á kún inú ẹni bámú. Ẹni tó bá dákẹ́ báyẹn, ẹlẹ́bi ni wọ́n ń pè é.

Màdáámú ní, "Ọmọ mi kì í gba rìbá."

"Kò burú. Nígbà tí a bá ṣe ìpàdé ní Ẹ̀pẹ́, kó wá sọ bó ṣe jẹ́. Bí kò bá rí àlàyé ṣe, ẹ má ṣe fún un ní fírídọ̀mù. Bí ẹ bá fún un náà, kò sí ọlọ́kọ̀ tó máa gbé ìwé fún un, láti Èbúté dé Ẹ̀pẹ́." Ó wo aago rẹ̀, ó jáde.

Fírídọ̀mù mi ló ń wí yẹn. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ́ ṣe àdúrà fún mi kí n di ọ̀gá ara mi. Gbogbo rúlà tó bà lé mi léjìká, torí ọjọ́ náà ni. Màdáámú kò wojú mi. Ó ní, "Rìsí, mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tèmi náà wà níbẹ̀. Bí a kò bá rí ohun tó ń pa Àká, n kò ní lè na ọwọ́ àdúrà sí ọ lórí níṣojú àwọn èèyàn yẹn."

Inú bí mi débi pé ojú gbàgbé láti tì mí. Nígbà tí Bọ̀dá Fẹ́mi dé ní ìrọ̀lẹ́, mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá Àká àtijọ́."

"Kí la fẹ́ fi àtijọ́ ṣe? A ń lọ síwájú, ìwọ ń fà wá sẹ́yìn."

"Bí ọbẹ̀ bá dédé korò, ohun tí a fi sí i kẹ́yìn la máa ń tọ́ wò."

Màdáámú gbé ojú sókè. "Fẹ́mi, gbé e wá."

Dísìkì rẹ̀ ṣì wà nínú báàgì Bọ̀dá Fẹ́mi. A fi Àká àtijọ́ sínú kọ̀mpútà, mo tún ìwé ọlọ́kọ̀ ṣe, mo ní kó gbà á. Ó gbà á. A fi tuntun sí i, mo ṣe ohun kan náà. Ó kú. A padà sí àtijọ́. Ó gbà á. A padà sí tuntun. Ó kú. Màdáámú fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó kú fún òun náà. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, n kò sọ pé ó le.

Bọ̀dá Fẹ́mi fọwọ́ lérán. "Ó dáa, mo gbà, tuntun ló ń kú. Ṣùgbọ́n ní ibi iṣẹ́ mi, tuntun yìí kan náà kì í kú. Kí ló wà níbí tí kò sí lọ́hùn-ún?"

"Níbí náà kì í fi gbogbo ìgbà kú," mo ní. "Iṣẹ́ tí a bá bẹ̀rẹ̀ lónìí kì í pa á. Iṣẹ́ àná ló máa ń pa á."

"Iṣẹ́ àná?" Ó tún un sọ wẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ lọ sí igun ìsàlẹ̀ kọ̀mpútà. "Rìsí, aago mélòó ló kọ síbẹ̀ yẹn?"

Màdáámú bú sẹ́rìn-ín. "Aago yẹn? Ta ló ń wo ìyẹn? Oòrùn á là, yóò ní òru ni. Ṣebí aago wà lára ògiri."

Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo wa la mọ̀. Ẹ̀fẹ̀ la fi ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí ọmọṣẹ́ bá pẹ́ dé, á ní aago kọ̀mpútà ni òun ń tẹ̀ lé.

Bọ̀dá Fẹ́mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bátìrì pẹlẹbẹ kan wà nínú kọ̀mpútà, bí owó wẹ́wẹ́, òun ló ń jẹ́ kí aago rẹ̀ máa rìn bí iná kò bá sí. Tiwa ti kú. Nítorí náà, bí a bá ti yọ púlọ́ọ̀gì, kọ̀mpútà á gbàgbé gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, á padà sí òru àkọ́kọ́ ọdún tí wọ́n ṣe é. Àká àtijọ́ kò bìkítà. Bí ìwé bá ṣe dé ló ń tò ó. Ṣùgbọ́n tuntun máa ń ṣírò iye àkókò tó wà láàárín ẹ̀dà kan àti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó bá wá rí i pé èyí tó dé lẹ́yìn ló dàgbà jù, pé ọmọ ti ṣáájú ìyá rẹ̀ dáyé, orí rẹ̀ á dàrú, á ṣubú. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, aago òní ti lè kọjá ibi tí ti àná dé, ìyẹn ni kì í fi í kú nígbà náà. Bí a bá sì ní kó gbé èyí tó dé kẹ́yìn jáde, èyí tí aago rẹ̀ ga jù ló ń gbé, ì báà jẹ́ èyí tí a ti yọ kúrò.

A dán an wò lójú ẹsẹ̀. Bọ̀dá Fẹ́mi tún aago ṣe, Àká gba ìwé. Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó fi í padà, mo tún ìwé ṣe. Àká kú.

Màdáámú ló ní kí a máa yọ púlọ́ọ̀gì. Màdáámú náà ló béèrè ọjọ́. Bọ̀dá Fẹ́mi ló fi ìṣirò sí i láì ronú sí ibi tí iná kì í dúró. Èmi ni mo sì ń fi aago ṣẹ̀fẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹnì kejì rẹ̀. Màdáámú kàn ní, "Ẹ wo bí bátìrì kékeré ṣe fẹ́ ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́," ó sì lọ bu omi mu.

Ní ìpàdé Ẹ̀pẹ́, mo rò pé Màdáámú á bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìwọ ni wọ́n pè." Àwọn ọlọ́kọ̀ kún ibẹ̀, ẹlòmíràn ṣì gbé àjẹ̀ lé èjìká. Mo dìde. N kò lè sọ ọ̀rọ̀ kọ̀mpútà fún wọn. N kò lè wojú wọn pàápàá, ọwọ́ wọn ni mo ń wò, níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá mi, báwo lẹ ṣe ń to ọkọ̀ ní èbúté?"

"Bó bá ṣe dé ni!" wọ́n dáhùn.

"Bí ẹnì kan bá wá ní kí ẹ má wo bó ṣe dé mọ́, pé aago ọwọ́ ọlọ́kọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa fi tò ó ńkọ́?"

"Ìjà nìyẹn!" ẹnì kan ní. "Tí aago ẹlòmíràn bá ti kú ńkọ́?"

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, sà. Aago kọ̀mpútà wa ti kú. Ó to ìwé yín pẹ̀lú aago tó kú."

Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́kùnrin kan láti ẹ̀yìn kígbe pé, "Alàájì! Ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó ló lù?"

Alàájì Kásúmù, láì ronú, gbé ọwọ́ sókè ó sì wo aago góòlù rẹ̀. Gbogbo ilé bú gbàù. Àwọn ti Ìkòròdú ń lu tábìlì, àwọn ti Ẹ̀pẹ́ ń lu ara wọn. Bàbá náà wo aago, ó wò mí, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ Màdáámú," ó ní, "jókòó. O ti pa mí." Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀dà tó tọ́ tí a tẹ̀ wá, ó kà á sókè fún gbogbo ẹgbẹ́, ó sì fọwọ́ sí i.

Ohun tó kù kò pọ̀. Ìjọ ra púríńtà tiwọn, ilé-ìwé ra tiwọn, kò pẹ́ tí Màdáámú fi padà sí Ẹ̀pẹ́, èmi náà lọ́kọ síbẹ̀. Fọ́nrán àwọ̀n àti ìwọ̀ ni mo ń tà báyìí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ́ kọ̀mpútà o, n kò ní kí ẹ má kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó yé yín pé bí ẹ bá ti mọ èyí tó wà lọ́wọ́, ẹnì kan á gbé tuntun dé pẹ̀lú ẹ̀rín, á ní ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má sọ ti tẹ́lẹ̀ nù.

Ọjọ́ fírídọ̀mù mi ni mo fi sí ìparí. Màdáámú na ọwọ́ àdúrà sí mi lórí, ìyá mi sunkún, Alàájì Kásúmù fi àgbọ̀n òbòkún kan ránṣẹ́, ó ní èyí kì í ṣe rìbá. Bọ̀dá Fẹ́mi ti pa bátìrì dà, ó ti tún Àká ṣe, ó sì ti sọ níṣojú gbogbo wa pé kò pọn dandan mọ́ láti máa yọ púlọ́ọ̀gì. Mo ń retí ẹ̀bùn. Àwọn ọ̀gá mìíràn ń fún ọmọṣẹ́ ní taipuráítà. Màdáámú gbé báàgì rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó fi òòlù fa ìṣó tó ṣẹ́kù yọ, ó fi í lé mi lọ́wọ́. Ìṣó! Òun náà ló wà ní ìsọ̀ mi lónìí, tí mo fi ń gún ìwé àwọn apẹja tó bá ní kí n bá àwọn wá àwọ̀n, èyí tó dé kẹ́yìn lókè.

Mo dúpẹ́, mo kúnlẹ̀, mo dìde, mo ti dé ẹnu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ara mi, ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Rìsí. Ṣé o ti yọ ọ́ lára ògiri?"

Mo padà wọlé, mo lọ yọ púlọ́ọ̀gì.